Ìkòkò Àgbo Tí Mo Fọ̀

Òórùn ló dá mi dúró ní Bẹẹrẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, mo ń wá ibi tí n ó gbà sọdá láàárín àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń ti ọmọlanke, ni atẹ́gùn ọyẹ́ bá fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ eléwé ọmọ kan tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ó gbé òórùn efinrin tútù wá, ó gbé ti ata ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, ó sì gbé òórùn egbò tó dà bí ti ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò àkọ́rọ̀ kàn. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ mọ́. Ọ̀fun mi ti ń gbẹ láti àárọ̀, ilé ni mo sì ń sáré lọ, ṣùgbọ́n dípò kí n wúkọ́, ẹ̀rín ló bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Bí o bá rí obìnrin kan tó ń dá rẹ́rìn-ín ní Bẹẹrẹ lọ́sàn-án gangan, jọ̀ọ́, máa bá tìẹ lọ, ó lè jẹ́ èmi ni.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ti pẹ́ díẹ̀. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Oṣù márùn-ún péré ni mo tíì lò nílé ọkọ, ní agboolé ńlá kan ní Ọ̀rányàn, níbi tí gbogbo páànù ti dípẹtà tán tí ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan sì jẹ́ ojúude ẹlòmíràn. Ìlọrin ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jimọ̀ ló máa ń wálé, nítorí náà èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ máa ń wà nílé láàárín ọ̀sẹ̀. Kàtíkíìsì ni bàbá mi. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àlàájà ni ìyá ọkọ mi ní tiwọn. Abọ́ tánganran ni wọ́n ń tà ní Ọjà'ba, àwọn sì tún ni olórí àwọn obìnrin Àsàlátù ní mọ́sálásí àdúgbò wa.

Kò sí ìjà láàárín wa o, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ." Bí mo bá tún kúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ," kálukú á sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ńṣe la dà bí ẹni méjì tó jọ tò sórí ìlà ní báńkì. Kí n má parọ́, ẹ̀rù wọn ń bà mí. Mo gbọ́ pé kí ọkọ mi tó gbé mi wálé, wọ́n bi í pé, "Ọmọ kàtíkíìsì yìí, ṣé ó mọ ewé?" Ọkọ mi ní mo mọ ìwé dáadáa. Wọ́n ní, "Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ewé ni mo bi ẹ́." Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń sá fún ohunkóhun tó bá ní àwọ̀ ewé nínú ilé náà, àfi ẹ̀fọ́ nìkan.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ètè ń ya, ẹsẹ̀ ń funfun, aṣọ tí a sá láàárọ̀ á ti gbẹ kí a tó jẹun tán. Ikọ́ gbígbẹ wá mú Ìyá. Kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan níbẹ̀, ó kàn ń ha wọ́n lọ́fun ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi kànrìnkàn gbígbẹ ha inú agolo. Wọ́n lọ sí ọsibítù, dókítà ní àyà wọn mọ́, ó ní eruku àti atẹ́gùn ló gbẹ ọ̀fun wọn, kí wọ́n máa mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ohùn wọn sinmi. Ibi tí dókítà ti ní kí ohùn sinmi yẹn ni ọ̀ràn wà, nítorí wòlímọ̀ ku ọjọ́ díẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ilé-kéú tó bá ka Kùránì parí máa ń wọ aṣọ funfun rìn yí àdúgbò ká, Ìyá á sì ṣáájú wọn pẹ̀lú orin wákà. Lọ́dún náà, ọmọ-ọmọ wọn àkọ́kọ́, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wà lára wọn. Ìyá ti ṣe orin tuntun sílẹ̀ fún un, orin tí wọn kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, tí orúkọ ọmọ náà wà ní àárín rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni wọ́n ti ń retí ọjọ́ tí wọn yóò fi ẹnu ara wọn pe orúkọ yẹn nígboro. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan, ohùn kò sí. Igbákejì wọn nínú Àsàlátù ti ń fi oyin ra ọ̀fun ní tirẹ̀. "N ò fẹ́ gbapò ẹnikẹ́ni o," ló ń wí káàkiri, "mo kàn ń múra sílẹ̀ ni."

Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá gbé ìkòkò àgbo wọn jáde. Ìkòkò amọ̀ kékeré kan ni, inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ààrò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń yọjú wò wọ́n. Mo rí efinrin, mo rí ata ilẹ̀ tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́, mo rí orógbó tí wọ́n là àti ẹ̀ẹ̀rù mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ewé kan tí mi ò mọ̀ lára okùn ìtàkùn rẹ̀, ewé wẹ́wẹ́ tó tò ní méjì-méjì. Wọ́n da omi ògì kíkan lé gbogbo rẹ̀ lórí, wọ́n gbé e kaná. Ó wù mí kí n bèèrè pé kí ni ìtàkùn yẹn, ṣùgbọ́n mo ní bí mo bá bèèrè, wọ́n á mọ̀ pé mi ò mọ ewé lóòótọ́. Àwọn náà wò mí bíi pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan, ikọ́ dé, mo sì sá wọlé. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń mu. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ikọ́ náà ti ń jìnnà síra.

Ọjọ́rú ni mo wá ṣe tèmi. Mo tètè dé láti iléèwé, ó sì ń ṣe mí bíi kí n ṣe nǹkan kan tí inú Ìyá á fi dùn sí mi. Nílé ìyá tó bí mi, abọ́ kì í sùn láìfọ̀. Mo wọ ilé ìdáná, mo gbá a, mo nu gbogbo rẹ̀, mo wá ṣí ìkòkò àgbo. Ìfófòó ti bò ó lójú. Òórùn kíkan kan sọ lù mí nímú, ewé inú rẹ̀ sì ti yí àwọ̀ padà. Mo ní, háà, ó ti bà jẹ́! Ṣé èyí ni àgbàlagbà ń mu láti ọjọ́ Ajé? Mo gbé e, ó di ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Mo da omi àti ewé àti egbò rẹ̀ nù pátápátá. Mo bu eérú, mo mú kànrìnkàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha inú ìkòkò náà títí dúdú rẹ̀ fi ń bó. Inú mi dùn débi pé mo ń kọ orin ìyìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi, ó kúrú, bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá sín. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan, àfi aṣọ fèrèsé yàrá Ìyá tó ń mì. Mo bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tí mo parí, mo da ojú ìkòkò náà délẹ̀ sínú oòrùn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Kò pẹ́ tí Ìyá fi jáde pẹ̀lú ife tánganran wọn lọ́wọ́. Ìyàwó àgbà kan nínú agboolé, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí i.

"Yéè! Ta ló fọ ìkòkò Àlàájà?"

"Èmi ni, mà," mo dáhùn, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti kan, mo bá wọn dà á nù."

Obìnrin náà ju ọmọ ọlọ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mo ṣe. Nínú ilé yẹn, wọn kì í da àgbo nù títí ewé rẹ̀ á fi ṣá. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bu omi ògì tuntun lé e, tí wọ́n á sì tún un sè. Ìfófòó tí mo rí, òun ló ń fi hàn pé ó ti jí. Ìkòkò náà pàápàá, wọn kì í fi kànrìnkàn kàn án nínú, omi lásán ni wọ́n fi ń ṣàn án, nítorí ìyá ọkọ Ìyá ló fi í lé wọn lọ́wọ́. "Ìkòkò tó ti ń mu ewé láti ayé àwọn àgbà," ó ń wí, "ìwọ fi eérú bó o láwọ!"

Orúnkún mi kanlẹ̀, omi ti lé sí mi lójú. Wòlímọ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó ń dún lórí mi ni pé wọ́n á ní ọmọ kàtíkíìsì ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí wòlímọ̀ má bàa dùn. Mo tẹ ọkọ mi láago, mo rò fún un. Ó ní, "O fọ̀ ọ́? Pẹ̀lú eérú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ha. N ò sí nílé o," ó sì gé fóònù. Akọni ọkọ!

Ìyá kò bá mi wí. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wò mí, wọ́n wúkọ́ títí ó fi dáwọ́ dúró. Wọ́n wá ní, pẹ̀lú ohùn tó há, "Dìde. Wọ bàtà ẹ. Ó di Ọjà'ba."

Mo tẹ̀lé wọn bí ọmọ tí wọ́n ń fà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá iléèwé. Eruku bo ojú ọ̀run, Gbọ̀ngàn Mápó jókòó sórí òkè tirẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wa kò kàn. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ eléwé ọmọ tí wọ́n ń bá rà, bí Ìyá bá ti la ẹnu, ikọ́ á gbà á mọ́ wọn lẹ́nu, ni èmi bá di ẹnu wọn. Wọ́n á fọwọ́ kan ewé, èmi á sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ mi ò ná ọjà ewé rí láyé mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ǹjẹ́ ẹ lè fi díẹ̀ kún un fún wa?" Eléwé ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. "Àlàájà, ìyàwó yín rèé? Ó mà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà!" Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí eyín wọn, mo sì rí i pé èjí wà níbẹ̀, bíi ti ọkọ mi.

Mo wá nawọ́ sí ìtàkùn tí mi ò mọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ojú ológbò ni wọ́n ń pè é. Eléwé ọmọ náà gbá mi lọ́wọ́ pẹ́rẹ́. "Èmi kì í ta eléyìí fún ẹni tí kò bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lójú mi. La ẹnu!" Ó fi ewé náà sí mi lẹ́nu. Ní àkọ́kọ́, koríko lásán ni. Mo jẹ ẹ́ síwájú díẹ̀, adùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde bí omi ìrèké, ó sì rọra bo gbogbo ọ̀fun mi. Mo kígbe pé, "Ó dùn!" Àwọn ènìyàn yíjú wò mí. Ìyá fà mí mọ́ra, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ewé ẹ̀ nìkan o. Èso ẹ̀ pupa tó lójú dúdú yẹn, májèlé ni. Má jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án." Láti oṣù márùn-ún tí mo ti dé ilé wọn, ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí wọ́n bá mi sọ nìyẹn.

Èmi ni mo se àgbo kejì yẹn. Ìyá jókòó lórí àpótí nídìí ààrò, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe. Bí mo bá fẹ́ ju ata ilẹ̀ sí i jù, wọ́n á di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó hó tán, mo bu ife kan, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún wọn, wọ́n mi orí. "Ẹni tó sè é ló ń kọ́kọ́ mu ún." Mo gbé e mì. Ó kan, ó ta, ó korò, ó wá dùn lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ojú tí mo ṣe pa Ìyá lẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fara ti ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé láti iléèwé, ìdí ààrò ni mo ń gbà lọ. Mo ń fẹ́ iná, wọ́n ń fi imú kùn orin tuntun náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí ọ̀fun má bàa bínú, a sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ikọ́ kan sí èkejì. Mo gbọ́ bí ọkọ mi ṣe ń fi àgbo tí wọ́n bá bù fún un bọ́ ewúrẹ́ nígbà tó wà ní kékeré. Ohun tí mo fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn títí dòní.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan níléèwé wa ti ṣàlàyé fún mi rí pé nǹkan kan wà nínú ewé ojú ológbò tó ń mú kí ọ̀fun rọ̀. Ó dárúkọ rẹ̀, mo ti gbàgbé. Èmi kì í ṣe àwọn tó ń sọ pé àgbo ń wo gbogbo àìsàn. Ikọ́ tó bá pẹ́, tàbí tó bá mú ẹ̀jẹ̀ wá, ọsibítù ni tèmi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ojú mi rí ni mò ń sọ fún ọ yìí.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jimọ̀, ikọ́ náà kàn ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí àlejò tó ti dágbére tó tún padà wá mú fìlà. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, mo di ẹ̀kúnwọ́ ewé ojú ológbò kan mọ́ etí ìró mi, mo bá wọn jáde. Àwọn ọmọ tò nínú aṣọ funfun, wàláà lọ́wọ́ wọn, ọmọ-ọmọ Ìyá wà níwájú pẹ̀lú tìróò lójú. Igbákejì wúkọ́ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti fi tún ọ̀fun ṣe. Ìyá la ẹnu. Ohùn jáde! Kì í ṣe èyí tó máa ń fò kọjá òrùlé tẹ́lẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni, ó nípọn, ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó ń gberin wo ara wọn, ni gbogbo wọn bá sọ ohùn tiwọn kalẹ̀ láti pàdé rẹ̀, a sì mú ọ̀nà pọ̀n.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Bẹyẹrúnká kí Ìyá tó bẹ̀rẹ̀ orin tuntun náà. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ibi orúkọ ọmọ ni mo rí i tí èjìká wọn mì. Ikọ́ dé. Mo tú etí ìró mi, mo ki ewé bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé orin? Igbákejì la ẹnu, ó pa á dé. Kò gbọ́ ọ rí. Nínú gbogbo Ọ̀rányàn, ẹni kan ṣoṣo ló ti gbọ́ orin náà nídìí ààrò fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Ọmọ kàtíkíìsì gbé wákà, ó sì gbé e bí ẹni ń gbé orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ohùn gbọnrangandan. Àwọn ènìyàn hó, àwọn obìnrin gberin, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Ìyá jẹ ewé wọn, wọ́n gbé e mì, wọ́n gba orin náà lẹ́nu mi gẹ́lẹ́ níbi orúkọ. Wọ́n pè é. Ọmọ náà sá kúrò lórí ìlà, ó dì mọ́ wọn nídìí. Ẹkún ayọ̀ ni mo sun, mi ò tijú. Bàbá mi náà gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé ohùn ẹ ò yẹ̀ níbì kankan?"

Ìyẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín ní Bẹẹrẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ra ojú ológbò, mo jẹ ọ̀kan lójú ẹni tó tà á kó tó sọ pé kí n jẹ ẹ́, mo délé, mo gbé ìkòkò kaná. Ìyá jókòó sójú fèrèsé wọn. Ojú wọn kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n imú wọn ṣì pé. "Ìyàwó, ìwọ ni ikọ́ ń ṣe lónìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mo rántí ọjọ́ tí mo fọ ìkòkò.

"Mo rí ẹ lọ́jọ́ náà," wọ́n ní.

"Ẹ rí mi lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ tán?"

"Mo rí ẹ látìgbà tóo ti gbé e jáde. Ojú fèrèsé yìí ni mo wà."

Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ìyá! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?"

"Bí mo bá pè ẹ́, wàá gbé e sílẹ̀, wàá kúnlẹ̀, wàá bẹ̀ mí, wàá padà sí yàrá ẹ. Ó tún di 'ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà'. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń wá bí mo ṣe máa pè ẹ́ wá sídìí ààrò, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe tíṣà."

"Ohùn yín ńkọ́? Wòlímọ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta!"

"Bí ohùn mi ò bá padà, ẹlòmíì á kọ ọ́. Orin ò wọ́n ní Ọ̀rányàn. Ìyàwó ló wọ́n."

Ìgbà náà ni mo rántí ewúrẹ́ tó sín lẹ́yìn mi. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èjí yọ. "Èmi ni ewúrẹ́. Ìborùn ni mo kì bọ ẹnu."

A rẹ́rìn-ín títí àwa méjèèjì fi ń wúkọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń rò pé àṣìṣe kan ni mo ṣe, tí wọ́n sì dárí rẹ̀ jì mí. Ìkòkò náà ti dúdú padà nínú, ọwọ́ mi ló wà báyìí, mi ò sì jẹ́ kí kànrìnkàn sún mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ìfẹ́, mi ò ní wá ọ̀rọ̀ lọ jìnnà. Ikọ́ ń ha obìnrin kan lọ́fun, àgbo rẹ̀ ń ṣàn lọ nínú gọ́tà lójú rẹ̀, ó sì fi ìborùn di ẹnu ara rẹ̀, kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ má bàa bẹ̀rù.